Àwọn Ìjàlọ Sìmíátù

Ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kò jẹ́ kí Sìmíátù sọ ohun tó bá wá. Ó ní kí Mọ́mì máa lọ sọ́wọ́ òsì, pé ibẹ̀ ni wọ́n to àga àwọn òbí sí. Sìmíátù ní òun ò mú ọmọ kankan wá, òun wá ta káàdì ni. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní ẹ jọ̀ọ́, àwọn ò gba ọlọ́jà láàyè lókè, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n ti máa tajà. Títa bíi ti ayò ni Sìmíátù ń wí, títà bíi ti ọjà lẹni yìí gbọ́. Ó di ìgbà tó fi orúkọ rẹ̀ hàn án lórí fóònù, pé òun ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kó tó yẹra fún un. Kò tíì jókòó, inú ti ń bí i.

Sìmíátù ti lé lógójì ọdún. Aṣọ iléèwé ló ń rán ní Muṣin, òun àti Saidat àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà níléèwé gíga n'Ílọrin, ọ̀rọ̀ káàdì kò sì kàn án rárá. Fúnlọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gba yàrá nínú ilé wọn, ló kọ́ Sìmíátù ní eré káàdì. Tí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, Fúnlọ́lá a to káàdì sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Àwòrán ẹranko àti jagunjagun ló wà lára wọn. Oníkálukú ló ń ṣa tirẹ̀ jọ láti fi bá ẹlòmíì jà, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló pàdánù.

Nígbà tí Fúnlọ́lá di àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé e lọ sókè ọya, ó kó àwọn káàdì olówó ńlá rẹ̀ dání, ó fi àwọn tí kò wúlò fún un sílẹ̀ fún Sìmíátù. Ìjàlọ, èèrà tó máa ń tò lọ́wọ̀ọ́, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìjàlọ kan ṣoṣo kò lè pa nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń dà á nù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pé márùn-ún lórí tábìlì, gbogbo wọn á jọ di alágbára lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ni Sìmíátù rí tó fi dì wọ́n mú, àwọn ló sì kó wá sí ìdíje ní Yaba lọ́jọ́ Sátidé yìí.

Ẹni tó kọ́kọ́ bá ta ni Abọ́dúndé, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan nítòsí ibẹ̀. Abọ́dúndé kò mọ̀ ju kó máa ṣàlàyé lọ. Bí Sìmíátù bá ti fi káàdì lélẹ̀ báyìí, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iṣẹ́ tí káàdì náà ń ṣe fún un. Sìmíátù ní òun mọ̀, òun lòun ni ín. Abọ́dúndé ní kí Àǹtí má ṣèyọnu, pé eré yìí máa ń le díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ó ṣì ń wí lọ́wọ́ tí ìjàlọ fi pé márùn-ún, tí wọ́n bo káàdì dírágónì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yíjú sí àwọn tó wà nítòsí, ó ní káàdì ló ṣojúure sí wọn. Wọ́n tún ta ìkejì, Sìmíátù tún nà án. Abọ́dúndé wá ní òun ò fẹ́ le jù mọ́ àgbà ni.

Ẹni tó tẹ̀ lé e kò ṣàlàyé ní tirẹ̀, adájọ́ ìdíje ló ń pè ṣáá. Ó ní ọ̀rá tí Sìmíátù fi bo káàdì rẹ̀ kò dọ́gba, òmíràn mọ́, òmíràn ti họ. Adájọ́ wá wò ó, kò rí ẹ̀bi. Ó lọ, wọ́n tún pè é padà. Nígbà tí Sìmíátù fi máa borí ẹni yìí, orí ti ń fọ́ ọ.

Nígbà tó ku èèyàn mẹ́rin, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hilda ló wá nà án. Hilda ní gbogbo káàdì tí owó lè rà, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ kọjá ohun tó ń ta. Bí Sìmíátù bá ta tirẹ̀, a wò ó, a ronú, a sì fèsì lórí tábìlì. Lẹ́yìn tó borí, ó ní, "Ẹ̀rù bà mí o. Ìjàlọ kan sí i, mo ti lọ." Sìmíátù kò rí ohun tó lè bínú sí nínú ìyẹn.

Ó ku kí òun àti Mùíz, tí wọ́n nà ní tábìlì kejì, ta fún ipò kẹta. Wọ́n ní kí wọ́n sinmi díẹ̀. Sìmíátù sọ fún ẹni ẹnu ọ̀nà pé òun fẹ́ lọ kí ìrun alásárì ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé náà, ó sì lọ. Nígbà tó máa padà dé, Abọ́dúndé ló bá lórí àga rẹ̀, tó ń bá Mùíz ta.

Tàjùdéèn tó ṣètò ìdíje náà sáré wá bá a. Ó ní àwọn rò pé Mọ́mì ti lọ sílé ni, ọjọ́ ti ń lọ, Mọ́mì á ní oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ lọ sè.

Sìmíátù wò ó. Ó ní, "Tàjùdéèn, ìrun ni mo lọ kí. Ìwọ náà kírun lónìí. Ta ni wọ́n gbé àga rẹ fún?"

Tàjùdéèn tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n." Abọ́dúndé ní àwọn ti ta á dé ìdajì, òun sì ti ń borí. Láti ìdí tábìlì àṣekágbá ni Hilda ti dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n tó nà ẹ́ ló dúró síwájú ẹ yẹn." Abọ́dúndé kó káàdì rẹ̀, ó dìde.

Sìmíátù jókòó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Ó fẹ́ fi han gbogbo wọn. Bí ìjàlọ ṣe ń bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń jù wọ́n sílẹ̀, kò dúró kí wọ́n pé. Mùíz ní káàdì iná igbó, tó ń jó gbogbo ohun kékeré tó bá wà nílẹ̀. Sìmíátù mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣojú Sìmíátù nígbà tí Mùíz lò ó láàárọ̀. Síbẹ̀, mẹ́rin ló tò sílẹ̀ gbalaja. Mùíz ju iná sí wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ̀mí Sìmíátù fi tán lórí tábìlì.

Nígbà tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn, Tàjùdéèn gbé agbọ̀n kan wá tí wọ́n fi rìbọ́ǹnù wé, ó ní ti Ìyá Wa ni. Sìmíátù bi í bóyá ẹ̀bùn ipò kẹrin ni. Ó ní rárá, àwọn fi bu ọlá fún wọn ni. Sìmíátù ní kó gbé e fún ìyá tó bí i lọ́mọ, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Nílé, Saidat rí ojú rẹ̀, ó bi í bóyá wọ́n tún rí i fín ni.

"Wọ́n rí mi fín," ló dáhùn. "Ṣùgbọ́n wọn kọ́ ló nà mí. Èmi ni mo to ìjàlọ síwájú iná."

Ó kó aṣọ kúrò lórí tábìlì, ó to káàdì náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà kí iná Mùíz tó dé, ó sì ń wá ibi tí ì bá ti fi wọ́n pamọ́ sí títí wọ́n á fi pé márùn-ún.