Orúkọ Bàbá Ni Mo Fi Tẹ̀ Ẹ́

Ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu mi níwájú ènìyàn. Láti kékeré ni. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ní girama, bí tíṣà bá ní kí n dìde kàwé, màá dìde, màá sì máa wo ojú ìwé títí wọn yóò fi ní kí n jókòó. Ọdún yẹn náà ni mo kúrò nílé ìwé, tí ìyá mi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Òkè-Ìlá. Mo fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù náà nítorí ariwo máṣíìnì. Bí máṣíìnì bá ń sáré, kò sẹ́ni tí í bi ọmọbìnrin tó dákẹ́ pé kí ló dé.

Ọ̀gá wa ní ṣọ́ọ̀bù méjì. Ti àdúgbò Adébáyọ̀ ni àwọn oníbàárà ń wá, ibẹ̀ ni ọ̀gá fúnra wọn máa ń jókòó sí. Ti Òkè-Ìlá ni a ti ń gé aṣọ, tí a sì ti ń rán an. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: bàbá tó ń gé aṣọ, àwọn àǹtí méjì tó ń rán an, àti èmi tí mò ń gán bọ́tìnnì, tí mò ń ká etí aṣọ, tí mo sì ń lọ aṣọ tó bá ti tán.

Tẹ́lẹ̀, bébà ni ọ̀gá fi ń kọ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa. Ọlọ́kadà á mú un wá láti Adébáyọ̀, tàbí kó gbàgbé rẹ̀ sápò. Ọjọ́ tí bébà kan sọnù, tí a rán aṣọ ọkọ ìyàwó tí a kò rán ti ìyàwó, ni ọ̀gá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ kékeré bí a ṣe ń fi fóònù darí iṣẹ́, wọ́n sì mú pátákó iṣẹ́ bọ̀. Inú fóònù ni pátákó yìí wà. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, orúkọ ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà lórí káàdì. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá dé, àmì pupa á yọ. Ẹni tó ni káàdì á kà á, á tẹ “Mo ti rí i”, pupa á di àwọ̀ ewé, orúkọ rẹ̀ àti aago tó tẹ̀ ẹ́ á sì jókòó síbẹ̀ kí gbogbo wa lè rí i.

Ọ̀gá kò fẹ́ rí pupa. Bí pupa bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á pè, wọ́n á sì pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì á gbọ́.

Fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì ni bàbá ní, ojú wọn kò sì gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Ọ̀gá bá gbé fóònù ńlá kan sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi orúkọ bàbá sí i, wọ́n sì fà á lé mi lọ́wọ́. “Ìwọ ni ojú bàbá lórí pátákó,” ni wọ́n wí. “Ohun tó bá dé, kà á fún wọn kí o tó tẹ̀ ẹ́. Ṣé o gbọ́? Kí o tó tẹ̀ ẹ́.”

Mo ní mo gbọ́, mà.

Bàbá ti ń gé aṣọ kí wọ́n tó bí ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń na téèpù sí aṣọ. Wọ́n á nà án, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, sísọ́ọ̀sì á sì tẹ̀ lé e. Orí ni wọ́n ń kó ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, àní ti ẹni tó ti kó lọ sí Àkúrẹ́ tipẹ́. Wọn kò bínú sí pátákó náà, wọ́n kàn ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ùwé afọhùn ni wọ́n ń pè é, torí pé bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pe ìwé nìyẹn.

“Bàbá, a ti fi yín sínú fóònù o,” ni àǹtí àgbà sọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí orúkọ bàbá níbẹ̀.

“Ẹ ti fi mí sí i tán,” ni bàbá dáhùn. “Ìṣó ló kù kí ẹ kàn.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Aṣọ akọrin ìyá méjìlélógún ló wà nílẹ̀, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní kí aṣọ mọ ní orúnkún. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo ka ọ̀rọ̀ kan fún bàbá nípa ọrùn aṣọ, àǹtí kékeré sì dá máṣíìnì dúró. “Ẹ dìde o! Ọ̀gá kékeré ti dé, wọ́n fẹ́ pàṣẹ fún bàbá.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà, ṣùgbọ́n ojú mi gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

Nígbà tó ṣe, bàbá to aṣọ náà lé ara wọn lórí tábìlì, wọ́n fa ìlà sí i, wọ́n wá jókòó mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà kí wọ́n tó gé e. Ìgbà yẹn ni fóònù ké. Mo kà á sínú. Ọ̀gá kọ ọ́ pé: “Ìyá akọrin ti pè. Wọ́n ní orúnkún kọ́ mọ́, kí aṣọ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má tíì gé e.”

Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Bàbá gbójú sókè. Mo la ẹnu. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí àǹtí kékeré tó ti ń fi ẹ̀rín sẹ́nu, tó ń dúró dè mí. Mo pa ẹnu mi dé. Mo ní bí wọ́n bá mu ẹ̀kọ tán, màá sọ fún wọn ní jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n pupa wà lójú fóònù, bí ó bá pẹ́, ọ̀gá á pè, màá sì ní láti sọ̀rọ̀ kí gbogbo ilé gbọ́. Mo bá tẹ̀ ẹ́. Ó di àwọ̀ ewé. Orúkọ bàbá ló jáde: wọ́n ti rí i, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀.

Kò pẹ́ tí àǹtí àgbà rán mi lọ ra òwú funfun ní Fájuyì. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé mo gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Ó wà lọ́kàn mi lọ, ó wà lọ́kàn mi bọ̀, mo sì rọra ń rìn. Mo ń retí pé bóyá ọ̀gá á pe fóònù bàbá fúnra wọn, kí ọ̀rọ̀ náà lè bọ́ lọ́rùn mi.

Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ìró sísọ́ọ̀sì. Ìró rẹ̀ máa ń dún bí ẹni tó ń jẹ àgbàdo tútù. Àkàrà kan wà nínú bébà lórí ìjókòó mi. Mi ò béèrè ẹni tó fi síbẹ̀. Mo jókòó, mo jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá wá wo iṣẹ́. Wọ́n gbé aṣọ kan sókè, wọ́n gbé òmíràn.

“Bàbá, kí lèyí?”

“Aṣọ akọrin ni, mà.”

“Orúnkún? Ṣebí mo ní kí ẹ má gé e! Mo kọ ọ́, ẹ sì ní ẹ ti rí i.” Ọ̀gá yọ fóònù, wọ́n nà án sí ojú bàbá. “Orúkọ yín rèé. Aago rèé. Ẹ̀rọ kì í parọ́ mọ́ ènìyàn, bàbá.”

Bàbá tẹ ojú mọ́ fóònù náà bí ẹni tó ń wo inú kànga. Wọ́n wá yíjú sí mi. “Ọmọ mi, ṣé o kà á fún mi?”

Máṣíìnì méjèèjì ti dákẹ́. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tilẹ̀ la ẹnu láti pa irọ́ náà.

“Ó dáa,” ni bàbá wí, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. “Á jẹ́ pé èmi ni mo gbàgbé. Ẹ má bínú, mà.”

Aṣọ náà kò bàjẹ́. A fi aṣọ aláwọ̀ àlùkò lé e láti orúnkún wálẹ̀, àwọn ìyá akọrin sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn wá béèrè irú rẹ̀. Ọ̀gá gbàgbé ìbínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà tán lójú gbogbo ènìyàn, bàbá nìkan ni kò tán lára wọn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na téèpù lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á gbé sísọ́ọ̀sì, wọ́n á tún gbé e sílẹ̀, wọ́n á ní, “Kí ni mo ní kó jẹ́?” Wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n sọ fún ọmọ wọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ní Ìgẹ̀dẹ̀ pé ìgbàgbé ti dé, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Bí bàbá bá wá bàtà, ìgbàgbé ni. Bí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ-ọmọ kan mọ́ òmíràn, bí gbogbo àgbà ṣe ń ṣe, ìgbàgbé ni. Lójoojúmọ́ ni mo ní màá sọ̀rọ̀ lọ́la.

Lọ́jọ́ kan bàbá kó irinṣẹ́ wọn jọ. “Ẹni tí ń gbàgbé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ aláṣọ,” ni wọ́n sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbà. Wọ́n di sísọ́ọ̀sì wọn sínú àkísà kan, wọ́n gbé e fún mi. “Ìwọ lo ń kàwé fún mi,” ni wọ́n wí. “O ṣeun.”

Mo gbé e sábẹ́ ibùsùn. Mi ò tú àkísà náà.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Àǹtí àgbà lọ kí bàbá, nígbà tó dé, ó ń mi orí. “Ọmọ wọn ò jẹ́ kí bàbá dá lọ sí oko mọ́ o. Ó ní bàbá lè sọnù. Àní kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn, ó ti gbà á.”

Mi ò sùn dáadáa títí di Sátidé. Lọ́jọ́ náà mo gbé sísọ́ọ̀sì, mo wọ ọkọ̀ Ìgẹ̀dẹ̀.

Bàbá jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró ná. “Má sọ orúkọ rẹ. Jẹ́ kí n rántí rẹ̀ fúnra mi.” Wọ́n pè é, wọ́n pè é dáadáa, inú wọn sì dùn bí ti ọmọ tó gba ìṣirò. Ìyẹn ló fọ́ mi. Ẹkún ni ọ̀rọ̀ mi bá jáde, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àmì pupa dé orí òwú tí mo lọ rà.

Bàbá gbé ojú kúrò lára mi. Wọ́n ń wo ojú ọ̀nà.

“O wọ búláòsì aláwọ̀ ewé,” ni wọ́n wá wí. “Mò ń mu ẹ̀kọ. O dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, o la ẹnu, o pa á dé. Mo ní àkàrà mi ni ọmọ yìí ń wò, ojú ń tì í láti tọrọ. Mo bá fi ọ̀kan sórí ìjókòó rẹ.” Wọ́n yíjú sí mi. “Gbogbo rẹ̀ ni mo rántí. Mo sọ fún orí mi pé kó dákẹ́, pé fóònù mọ̀ jù ú lọ.”

Wọ́n pe ọmọ wọn jáde. “Tún un sọ, kó gbọ́.”

Mo tún un sọ. Obìnrin náà wò mí tìfura-tìfura. “Àbí àánú wọn ló ń ṣe ọ́?”

“Rárá, mà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò kà á fún wọn.”

“Ìwọ ọmọ yìí,” ló wí, “o ò ṣeun rárá.” Ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde, ó gbé e sórí itan bàbá.

Mo na àkísà náà sí bàbá. Wọ́n tú u, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ojú sísọ́ọ̀sì wò.

“O ò lò ó.”

“Mi ò lè lò ó, sà.”

“Ó ti ń dípẹtà. Ohun tí ènìyàn bá gbé pamọ́ báyìí, ó ń bàjẹ́ ni.” Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. “Padà sílé. Lọ kọ ọ́ síbi tí wọ́n kọ tèmi sí.”

Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣí pátákó iṣẹ́, mo sì wá káàdì aṣọ akọrin jáde láàárín àwọn iṣẹ́ tó ti tán. Orúkọ tèmi ni mo lò. Ó gbà mí títí di ọ̀sán kí n tó kọ gbólóhùn mẹ́ta. Mo kọ ọ́ pé bàbá kò gbàgbé. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo tẹ “Mo ti rí i” láìkà á fún wọn, àti pé mo purọ́ nígbà tí wọ́n bi mí. Àmì pupa yọ lára fóònù gbogbo wa. Àǹtí àgbà tẹ̀ ẹ́. Àǹtí kékeré tẹ̀ ẹ́, kò sì wo ojú mi. Ọ̀gá ló tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn. Mo ń dúró de ìpè wọn, kó tilẹ̀ jẹ́ èébú, ìpè náà kò dé. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé Ìgẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Bàbá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Fóònù ńlá náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí ó bá ti ké, mo ń dìde dúró, mo ń kà á sókè ju ariwo máṣíìnì lọ, bàbá á ní “Mo gbọ́,” kí n tó tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá á wá na téèpù sí aṣọ, wọ́n á tún nà án, wọ́n á tún nà án lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yíjú sí mi, wọ́n á ní, “Ó dá ọ lójú?”

Ó dá mi lójú, sà, ni mo máa ń wí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń nà án tẹ́lẹ̀.