Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Ampilifáyà Bàámi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró nídìí ọmọ kan tó ń tún fóònù ṣe n'Íkòtún. Bó ṣe ti irin gbígbóná bọ léèdì báyìí, òórùn èéfín náà gba imú mi wọ orí. Mo gbàgbé fóònù, mo gbàgbé oòrùn tó ń pa mí. Ọmọ náà bi mí bóyá kò sí nǹkan. Mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa, ó wà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ki gìtá bọ inú fóònù, ẹ ò lè mọ ohun tí ampilifáyà jẹ́ l'Ẹ́gbẹ́dá láyé ìjọba ológun, nígbà tí mo wà nílé ìwé girama. Àpótí tó ń gbé ohùn gìtá sókè ni, èyí tó bá sì ti òkè òkun dé kì í ṣe ẹrù ọmọ tálákà. Bàámi, tíṣà ará Èkìtì, ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí àkìtàn Ìgandò máa ń bá wọn gbé òkú rédíógírámù wá, wọ́n á yọ fáàfù inú rẹ̀, àwọn gílóòbù tó máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí iná bá wọ̀ wọ́n. Agolo bisikíìtì ńlá ni wọ́n ń gé ṣe ìdí rẹ̀, káfíńtà á fi pákó kàn án, ìyá mi á sì ta kọ́tìnì tó ti gbó sí iwájú rẹ̀. Bí ẹ bá rí akọrin tí ampilifáyà rẹ̀ ní òdòdó bíi ti pálọ̀ wa, ẹ ti mọ ibi tó ti rà á. Owó tí Bàámi ń gbà kò tó ra ẹsẹ̀ kan lára ti òyìnbó. Ìyá mi ní wọ́n ti sọ pálọ̀ òun di itẹ́ òkú rédíò, àmọ́ ẹ má dán an wò kí ẹ bú iṣẹ́ náà lójú ìyá mi yìí kan náà.

Òfin kan ṣoṣo ló wà. Bí iná ìjọba bá lọ, iná inú ampilifáyà lè má lọ. Àwọn agolo kéékèèké kan wà níkùn rẹ̀ tí ń tọ́jú iná pamọ́, wọ́n sì lè ta ènìyàn nù. Bàámi á fi sukudiráfà tí wọ́n so wáyà mọ́ kan ìdí wọn, á dún pàá, iná tó kù ti tú dànù nìyẹn. Ìgbà náà ni wọ́n á mú ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé, wọ́n á fa àgbélébùú kékeré sí ẹ̀gbẹ́ páànù ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí àgbélébùú kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Gbogbo akọrin tó ń wọlé wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kúnlé ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, èmi jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá rẹ̀, opó kan, ń ránṣọ lójúlé kejì sí tiwa. Bí kò bá sí gìtá lọ́wọ́ rẹ̀, orí itan ni yóò ti máa ta okùn tí kò sí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá kí mi, hẹ̀n lásán ni màá fi dá a lóhùn, èmi tí ìyá mi ń pè ní ẹlẹ́nu bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ampilifáyà tí Bàámi ń ṣe fún un kò tíì parí, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ku ọ̀la. Olórí ẹgbẹ́ olórin kan láti Agége ti ṣèlérí pé òun á wá gbọ́ ọ; bó bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á mú un wọ ẹgbẹ́. Ìyá Kúnlé ti rán ṣẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé yẹn, Bàámi ń dán ampilifáyà náà wò, wọn ò tíì ki fáàfù sí i, ni iná lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àlùfáà ìjọ ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, wọ́n jáde wéré. Kò pẹ́ ni Kúnlé wọlé. Ó ní wáyà ihò tí gìtá ń wọ̀ nìkan ló kù, òun lè jó o mọ́ ọn fúnra òun. Irin ìjóléèdì wà lórí iná èédú. Ìgbà tí iná bá lọ gan-an la fẹ́ràn láti ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ó bi mí bóyá Bàámi ti fàmì sí i.

Mo wọ yàrá lọ gbé e. Kò sí àmì. Mo ní lọ́kàn ara mi pé iná kúkú ti lọ, wọ́n sì ti yọ wáyà, kí ló tún kù? Ìró pàá yẹn máa ń bà mí lẹ́rù, n kò sì fẹ́ kí Kúnlé padà sílé. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa àgbélébùú bí Bàámi ṣe ń fà á gẹ́lẹ́, mo gbé e jáde fún un.

Kúnlé ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Iná ta á, ó já ọwọ́ òsì rẹ̀ gbà lójijì, etí páànù tí a kò tíì fi fáìlì ra sì gé ìka rẹ̀ mẹ́ta kan iṣan. Ọwọ́ tó fi ń tẹ okùn ni. Wọ́n rán ọgbẹ́ náà nílé ìwòsàn, ó jiná, ṣùgbọ́n àwọn ìka yẹn kò ká mọ́.

Nígbà tí Bàámi dé, wọ́n wo àgbélébùú náà títí. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ló fa èyí. Ìkánjú ló jẹ́ kí n fàmì láì tíì tú iná."

Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí. Mo mú àkísà, mo ń nu ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé bó bá di ọ̀la màá sọ ọ́. Ọ̀la di oṣù, oṣù di ọdún. Bàámi kó gbogbo fáàfù sínú àpò, wọ́n dá a padà fún àwọn alákìtàn. Àwọn akọrin bẹ̀bẹ̀ títí ó fi sú wọn. Kúnlé àti ìyá rẹ̀ kó lọ sí Àgbàdo.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn la sin Bàámi, Kúnlé sì wá. Ó ti hewú, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin, ẹnu ló fi ń kọ́ wọn. Mo fà á lọ sẹ́yìn ilé, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ì bá dára kó gbá mi. Ó ń wo ìka rẹ̀.

Ó wá ní, "Lọ́sẹ̀ tí mo ti ọsibítù dé, Bàbá wá sílé wa. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún mi, èmi ọmọ wọn. Màmá mi ń fà wọ́n dìde, wọn ò dìde."

Bàámi kò sọ ọ́ nílé rí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, gìtá tó ń dún nínú fóònù kò lè gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, inú mi sì dùn síyẹn. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ tó dákẹ́ ṣì wà bó ṣe wà, ẹlòmíràn ló sì ń bá a bẹ̀bẹ̀. Mo máa ń lọ síbi ibojì Bàámi, mo ń kúnlẹ̀, mo ń sọ ọ́ fún wọn. Kò sẹ́ni tó máa ní kí n dìde.