Bísíkíìtì Fúnmi

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ mi obìnrin ń yan bísíkíìtì ní ilé ìdáná. Kò fi ṣúgà sí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n débi pé èèpo rẹ̀ dúdú ló gún mọ́ dàbínù, èso gbígbẹ dídùn nì, tó sì pò mọ́ fúláwà. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ, ó sì ń sọ fún mi pé ọgbọ́n tuntun ni. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n bó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán, mo dìde, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé.

Nígbà èwe mi ní Kábà níhìn-ín, ìyá mi ló ń yan bísíkíìtì fún àwọn ọmọ ilé ìwé wa. Kò sí ààrò onígáàsì nígbà náà. A da yanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin ńlá, a gbé abọ́ lé e, a dé e, a wá kó ògúnná sórí ọmọrí rẹ̀. Èéfín a máa mú ìyá mi lójú débi pé àlejò yóò rò pé oúnjẹ ló ń sunkún lé lórí. Fúnmi, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ọmọ Ìyàrà ni. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé bàbá rẹ̀ wá sí Kábà. Kó tó kí ìyá mi ní "Okun o, Màmá" tán, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà nínú abọ́.

Nígbà tó yá, Fúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. A máa mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀, a sì máa tọrọ àyè lọ tọ̀ ṣáá. Àwa ọmọdé fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà bá wa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó ṣubú lórí ìlà ní ilé ìwé ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì sọ pé àtọ̀gbẹ ni. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún un ní abẹ́rẹ́. Ṣúgà di èèwọ̀.

Ohun tó dun ìyá mi jù ni pé Fúnmi ṣì ń wá. Yóò dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa wò wá bí a ti ń jẹ. Ìyá mi lọ bá nọ́ọ̀sì àdúgbò wa, ó bi í bóyá òun lè fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dípò ṣúgà. Nọ́ọ̀sì ní èso náà ní ṣúgà tirẹ̀, kó má ṣe pọ̀, kí ọmọ náà sì máa jẹ ẹyọ kékeré kan péré. Ìyá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Ti àkọ́kọ́ le bí òkúta. Ewúrẹ́ wa gbóòórùn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Èkejì rọ̀ bí àkàrà tó já sómi. Ìgbà tó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ àti ẹ̀pà lílọ̀ po fúláwà ló tó bọ́ sí i. Fúnmi di ojú nígbà tó ń jẹ ẹ́.

"Màmá," ó ní, "ó dùn, kò sì ní bá mi jà."

Òjò ọdún náà pọ̀. Abẹ́rẹ́ tán ní Kábà. Bàbá Fúnmi wọ ọkọ̀ lọ wá a ní Lọ́kọ́ja, àgbàrá sì gé ọ̀nà mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìyá mi kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe, ó dáná. Ó yan bísíkíìtì, ó gbé e lọ sílé wọn, ó sì gbé e padà bọ̀, nítorí ọmọ náà kò lè la ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún yan òmíràn. Mo bi í pé ta ni yóò jẹ ẹ́.

"Kí ni kí n wá fi ọwọ́ mi ṣe?" ni ó wí.

Nígbà tí bàbá náà dé, inú fìláàsì tó kún fún yìnyín ló gbé oògùn náà sí, kó má baà bàjẹ́. Yìnyín náà kò tí ì yọ́ tán. A ti sin Fúnmi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ dúpẹ́. Fíríìjì wà ní àwọn ilé oògùn wa báyìí, àwọn ọmọ tí àìsàn yẹn ń bá jà sì ń dàgbà, wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó, wọ́n ń bímọ. Inú mi a máa dùn bí mo bá rí wọn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ yìí tí mo gbé ọbẹ̀ lọ fún aládùúgbò mi kan, tí wọn kò rí oògùn ọkọ rẹ̀ mọ́ níbikíbi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́ púpọ̀. Òun mọ̀, èmi náà sì mọ̀, pé ọbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá.