Ẹni Tó Bu Ìṣínu fún Eku

Ẹ súnmọ́ bí, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ṣàgámù ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Inú ṣì ń bí mi!

Yàrá ìwádìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, a ń dán oògùn jẹjẹrẹ kan wò lára eku funfun tó ní jẹjẹrẹ. A ó kọ́kọ́ fún wọn lóògùn náà, a ó febi pa wọ́n, a ó gún wọn lábẹ́rẹ́ ṣúgà tó ní ìtànṣán, a ó pa wọ́n, a ó wá gé jẹjẹrẹ ara wọn pẹlẹbẹ lé orí fíìmù. Jẹjẹrẹ fẹ́ràn ṣúgà bí ọmọdé. Ibi tó bá ti jẹ ẹ́ á dúdú lórí fíìmù. Bí oògùn bá ti mú un, kò ní í lè jẹun mọ́, ibẹ̀ á funfun. Kò le, àbí?

Fíìmù jáde, ó funfun báláú! Dókítà, ọ̀gá mi, bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kíá, ìròyìn ti dé Simawa, létí àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, tó ní kókó jẹjẹrẹ lọ́yàn. Àǹtí ti gbà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn o! Wọ́n yí ohùn padà: "Lèsí máa gé mi lọ́yàn nígbà tí oògùn wà?"

Ara fu mi. Mo bi Bàbá gáàdì wa, Mùsùlùmí gidi, ọmọ Ìjokù, bóyá ẹnì kan wọ yàrá eku. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo sọ pé àwọn eku wà nínú ààwẹ̀? Oṣù Ràmàdáánì sì ni! Nígbà tí oòrùn wọ̀, wọ́n bu ògì oníṣúgà fún wọn kí wọ́n fi ṣínu, torí ẹni tó bá bọ́ alááwẹ̀ á gba láádá.

Ẹ gbà mí! Ta ló ń wá láádá lọ́dọ̀ eku?

Ṣúgà ògì ti kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn kí tiwa tó dé. Jẹjẹrẹ yó ni, kò kú!

Mo bẹ Dókítà pé ká tún un ṣe. Ó lé mi jáde, ó ní ìlara ló ń dà mí láàmú. Ìlara kẹ̀! Mo pè é ní ọ̀dájú lójú rẹ̀. Mo ti yàrá àwọn eku tó kù, tí wọ́n ti gba oògùn náà, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, mo tún iṣẹ́ náà ṣe. Fíìmù kejì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Dókítà ní ṣe ni mo ba fíìmù jẹ́. Mo gbé méjèèjì lọ sí Simawa, mo ṣàlàyé. Àǹtí wò wọ́n, wọ́n ní:

"Torí pé eku yó lẹ ṣe fẹ́ sin mí?"

Wọ́n dìde, wọ́n di ẹrù ọsibítù. Wọ́n bá wọn gé ọyàn náà níbẹ̀, Àǹtí sì pẹ́ láyé, wọ́n gbé ọmọ-ọmọ jó.

Ẹ̀kọ́ mi: bí ìròyìn bá dùn jù, ẹ tún un wádìí, kódà kí ọ̀gá bínú kú. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti pè yín ní onílara rí torí òótọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ bú u! Dókítà tèmi kò bẹ̀ mí títí ó fi kú. Èmi náà kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.