Ààlè Tí Dókítà So Mọ́ Igi Òrí Wa

Wọ́n fi ìwà ọmọlúàbí àwọn ìyá wa ṣe ẹ̀rí takò wọ́n, wọ́n sì tìtorí ẹ̀rí náà fi katapílà wó gbogbo igi òrí oko wa.

Mo fẹ́ kó yé ẹni tó bá ń kà á pé n kò bá ìwádìí jà. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo sì fi ń jẹun ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni ní Ṣakí. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń wádìí nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá kì í ṣe òun fúnra òun ló yí nǹkan náà padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa kò ju pé ẹnì kan kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Nígbà tí èmi bá a bi í, ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Ojú ọ̀nà Òfíkì ni oko ilé wa wà. Àwọn ọkùnrin ilé bàbá mi ló ni ilẹ̀. Wọ́n á gbin iṣu, wọ́n á gbin ọkà bàbà, tó bá yá wọ́n á fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gé igi òrí tó bá bá nínú oko. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ebè gbà. Èso tó bá sì jábọ́ lára rẹ̀, ti àwọn ìyàwó ilé ni. Ọkùnrin kì í bá wọn dá sí i. Ìyá mi kò ní ilẹ̀, bàbá mi sì ti kú láti ìgbà tí mo wà ní girama. Èso òrí yìí nìkan ni ohun tó lè nawọ́ sí nínú ilé náà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ló fi rán mi níwèé.

Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọn kì í jókòó lẹ́yìn àsùbáà. Báàfù á wà lórí, tọ́ọ̀ṣì á wà lọ́wọ́, nítorí ejò máa ń sùn sábẹ́ ewé. Èyí tó bá ti jábọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ṣà. Wọn kì í gbọn igi, wọn kì í ká tútù. Wọ́n á máa jẹ ẹran ara èso náà bí wọ́n ṣe ń ṣà á, wọ́n á sì máa fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ìyáálé ilé wa, ìyàwó mọ́gàjí tó jẹ́ olórí agboolé wa, kì í fi ìyá mi lọ́rùn sílẹ̀.

"Ìyàwó, báàfù tìẹ ti kún. Àbí òkúta lo kọ́kọ́ dà sísàlẹ̀?"

"Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, Ìyá. Ẹni tó bá sùn títí oòrùn fi yọ, òkúta gan-an kò ní kù dè é."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ títí wọ́n á fi délé.

Ọkùnrin tó mú ìwádìí wá, Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Yorùbá ni, kì í ṣe àjèjì, mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. Ó wá láti ibi iṣẹ́ ìwádìí kan, ó sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó sọ fún wa lójúde mọ́gàjí pé òun ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí igi kan wà tó jẹ́ ẹbí igi tíì, tó ń yọ òdòdó funfun, tí wọ́n ń fún òróró ọbẹ̀ láti inú kóró rẹ̀. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń lo òróró náà, ṣùgbọ́n igi kan á so yanturu, èkejì á kàn dúró. Àwọn olùwádìí ṣa àwọn tó lóróró jù láàárín wọn, wọ́n gé ọ̀mùnú ẹ̀ka wọn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igi kéékèèké, ó sì di ohun tí àgbẹ̀ lè gbìn kó sì fojú ara rẹ̀ rí èso rẹ̀. Ohun tí òun fẹ́ ṣe fún igi òrí nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbin igi òrí lónìí, ọmọ rẹ̀ ló máa jẹ ẹ́. Dókítà ní kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò ní purọ́. Èmi gan-an ni mo tún un sọ fún ìyá mi tó fi yé e dáadáa. Mọ́gàjí fọwọ́ sí i. Àwọn ìyá mú àwọn òṣìṣẹ́ Dókítà wọ oko, wọ́n fi àwọn igi tó lọ́ràá jù hàn wọ́n.

Kí èso tó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, àwọn òṣìṣẹ́ náà padà wá láti fi àmì sára àwọn igi. Bébà kò ní lè gba òjò, nítorí náà agolo mílíìkì òfìfo ni wọ́n lò. Wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára rẹ̀, wọ́n lu ihò sí i, wọ́n sì fi àkísà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ so ó kọ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀, kí wọ́n lè máa rí i láti òkèèrè. Igi tí àwọn ìyá fi hàn wọ́n ni wọ́n so ó mọ́ jù lọ.

Ọmọ Òkè-Ògùn tó bá ka ibi tí mo dé yìí ti mọ ohun tó kù. Àkísà pupa àti agolo lára igi, ààlè ni. Ààlè kì í ṣe ìtàn láàárín wa. Tó o bá kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà tó o fẹ́ padà wá gbé e, o ó so àkísà mọ́ ọn, o ó sì bá a níbẹ̀. Mùsùlùmí ni wá. Àwọn àfáà ń wàásù pé ká má bẹ̀rù agolo. Àwọn àfáà náà kì í fọwọ́ kan ohun tí agolo bá wà lára rẹ̀. Kì í kúkú ṣe ẹ̀rù, ìtìjú ni. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun mú ohun tí ẹlòmíràn ti ní kí a má mú?

Nígbà tí mo délé ní ìparí ọ̀sẹ̀, báàfù ìyá mi dojú dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

"Ara mi le, àlùhàmdùlílà. Wọ́n ti fi ààlè sí i."

"Màmá, kì í ṣe ààlè. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí i, kí igi má baà dàrú mọ́ wọn lójú."

"Mo rí nọ́ńbà. Ṣé ìwọ lo so ó?"

"Èmi kọ́."

"Ẹni tó so ó ni kó wá tú u, tàbí kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ká máa ṣà á. Mọ́gàjí ló gbà wọ́n láyè, n kò lè wá di olè lóko ọkọ mi lọ́jọ́ alẹ́."

Ìyáálé wa tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, lọ ṣa tìẹ. Tí ikùn bá wú ọ, wàá ka nọ́ńbà rẹ̀ fún wa."

Lọ́jọ́ kejì mo gun ọ̀kadà lọ bá Dókítà ní ilé àlejò tó wọ̀ sí ní Ṣakí. Mo ṣàlàyé fún un kúnnákúnná. Mo ní àwọn obìnrin kò ní fọwọ́ kan èso kankan lábẹ́ igi yẹn, àfi kí ẹ wá sọ fún wọn fúnra yín, tàbí kí ẹ pààrọ̀ agolo náà. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn.

"Àǹtí, ẹ ṣì gba irú nǹkan yìí gbọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé?"

"Ẹ má wo èmi. Àwọn ló ń ṣà á."

"Kò burú. Màá rán ẹnì kan sí wọn."

Kò rán ẹnikẹ́ni. Mo tún sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ń wá ka èso lábẹ́ igi. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Bí wọn ò ṣe ṣà á yìí, iṣẹ́ wa rọrùn, gbogbo rẹ̀ la ń bá nílẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn, n kò fi kún un.

Ní ìgbà èso yẹn, òrí jẹrà sílẹ̀ lóko wa. Èèyàn ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ojú ọ̀nà kó tó rí igi, dídùn tó ti kan. Màlúù àwọn Bòròrò, àwọn Fúlàní darandaran, jẹ lára rẹ̀. Àwọn mìíràn hù. Ìyá mi àti ìyáálé rẹ̀ lọ ń ra kóró òrí lọ́jà Ṣakí, àwọn tí wọ́n ti ń tà á fáyé látẹ̀yìnwá. Wọn kò fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ mọ́ lójú ọ̀nà, torí pé inú mọ́tò ni wọ́n wà, láàárín àwọn àjèjì.

Nígbà tó yá, wọ́n pe ìpàdé láti ka àbájáde ìwádìí. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kí n lè wà níbẹ̀. Wọ́n tan àwòrán sára ògiri gbọ̀ngàn: àwọn igi wa, àti èso tó jẹrà nílẹ̀ lábẹ́ wọn. Dókítà ní ohun tí àwọn rí ni pé àwọn obìnrin agbègbè yẹn kò ṣa òrí mọ́. Ó ní iṣẹ́ náà ti ń kú, àwọn igi arúgbó yẹn kàn gba ilẹ̀ lásán ni. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n ro ilẹ̀ náà mọ́, kí wọ́n gbin igi òrí tuntun tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra wọn, tí ẹ̀ka rẹ̀ ti ara àwọn igi wa wá.

Mo dìde. Mo ní agolo tí ẹ so mọ́ wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣà á, mo sì sọ ọ́ fún yín lẹ́nu kí èso tó tán lórí igi. Ẹni tó ń darí ìpàdé ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun, ẹ jókòó. A ó wo ọ̀rọ̀ yín." Dókítà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Mọ́gàjí wà ní ìlà iwájú, kò yíjú wẹ̀yìn. Kò sí ìyàwó ilé kankan nínú gbọ̀ngàn náà, nítorí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Àwọn tó pe ìpàdé gba àbájáde náà wọlé kí a tó túká.

Lọ́nà ilé, mo bi mọ́gàjí pé, "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n ń ṣà á."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní tuntun á tètè so. Ta ni èmi tí màá bá ìwé jiyàn?"

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e dé, àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n tú gbogbo agolo náà kúrò. Ìyáálé wa ló rí wọn. Ó pariwo dé inú ilé pé wọ́n ti tú ààlè o, ẹni tó so ó ti wá tú u. Ìyá mi fọ báàfù rẹ̀. Ó fi tẹlifóònù pè mí ní Ṣakí láti sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo ti fura pé wọ́n fẹ́ wó igi náà ni wọ́n ṣe tú u. Mo ní kó má lọ. Ó ní kí ló dé. Mo ní kó ṣáà dúró dè mí. Kò dúró.

Nígbà tí ọ̀kadà mi fi dé oko, katapílà ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Igi òrí kì í ṣubú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, á dúró díẹ̀, gbòǹgbò á wá já lábẹ́lẹ̀. Èso tútù ń já dànù bí wọ́n ṣe ń wó o. Àwọn ìyá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú báàfù lórí. Wọn kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo dúró tì wọ́n. Ohun tí mo rántí jù ni pé ọrùn ń dùn mí, bí ẹni pé èmi náà ru nǹkan.

Àwọn eléèédú kó igi náà lọ. Wọ́n gbin tuntun lóòótọ́. Ọyẹ́ dé, kò sí ẹni tó bomi rin wọ́n, nítorí wọn kò sọ ẹni tó máa bomi rin wọ́n. Ewé wọn gbẹ, wọn kò tilẹ̀ tú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé wọn wá kúrò ní gbòǹgbò àwọn kan. Ilẹ̀ náà pupa lọ títí báyìí. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó yẹ kí n bínú. Mo mọ ibi tí ìbínú náà yẹ kó wà nínú mi, bí ahọ́n ṣe mọ ibi tí eyín ti yọ. Mo dé kíláàsì, mo kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń lẹ ẹ̀ka mọ́ igi, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo lọ sílé. Mo jẹun.

Ìyá mi kò bi mí ní nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ló sọ ọ́, ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé torí pé a kò jalè ni?"

Èmi kọ́ ni ìbéèrè náà tọ́ sí. Nítorí náà mo gbé ìbéèrè rẹ̀ fún àwọn tó ni í. Dókítà, kí ló dé tí ẹ kò rán ẹni tí ẹ ní ẹ ó rán, kí ló sì dé tí ohun tí mo sọ fún yín kò sí nínú ohun tí ẹ kà fún ìlú? Ẹ̀yin tí ẹ gba àbájáde náà wọlé, obìnrin wo lẹ bi kí ẹ tó gbà pé obìnrin kò ṣa òrí mọ́? Ẹ̀yin tí ẹ rán katapílà, ta ló sọ fún yín pé èso tó wà lórí igi lọ́jọ́ náà kò ní olóhun? Bàbá wa mọ́gàjí, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, kí lẹ rí tí ẹ fi dákẹ́? N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé dá mi lóhùn. Ẹ wá sílé wa lójúmọmọ, ẹ jókòó síwájú ìyá mi, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un ẹni tó ní kí wọ́n wó igi náà, àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.