Ère Kejì Nínú Gíláàsì

Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní Àpápá rí yóò mọ̀ pé ìwé ju ẹrù lọ. Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ilé iṣẹ́ kan ní Warehouse Road, iṣẹ́ wa sì ni kí á máa bá àwọn èèyàn gba ẹrù wọn jáde ní èbúté. Bí ìwé bá sọ pé àpótí méjì, tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wá rí ẹyọ kan, wàhálà dé nìyẹn. Wọn á wá èkejì títí, wọn ò ní gbà láé pé kò sí. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní àwáwí kankan fún ohun tí mo ṣe.

Kí ọdún 1990 tó wọlé ni mùsíọ̀mù ńlá kan ní Àìlàńdì, lódìkejì omi, fẹ́ ṣe àfihàn àkànṣe lórí ère ìbejì. Ilé iṣẹ́ wa ló ń bá wọn gba àpótí àwọn ère tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ọkùnrin tí wọ́n rán wá sí ọ́fíìsì wa sọ pé àwọn tún fẹ́ yá ère lọ́wọ́ àwọn ìdílé tó ṣì ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò bi mí, mo ti ní ó wà nílé wa ní Ajégúnlẹ̀.

Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí màmá mi, ìbejì ni wọ́n bí nígbà èwe wọn. Èyí tó kọ́kọ́ jáde kò pé ọmọ ọdún méjì tó fi lọ. Màmá mi ni èkejì. Wọ́n gbẹ́ ère fún èyí tó lọ, Ìyá àgbà sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì àti ìwé orin ìjọ, ẹnìkan kò sì bá ẹnìkan jà níbẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, wọn á wẹ̀ ẹ́, wọn á fi osùn pa á. Bí wọ́n bá ra búrẹ́dì fún màmá mi tó ti di ìyá ọlọ́mọ, méjì ni wọ́n máa ń rà. A ò gbọdọ̀ sọ lójú wọn pé ọmọ náà kú. Ó rìnrìn àjò ni. A ò sì gbọdọ̀ pe àwọn ọmọ náà ní ẹyọ kan.

Ó yà mí lẹ́nu pé Ìyá àgbà gbà. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ọmọ náà, kò tíì kúrò ní Ajégúnlẹ̀ rí, kó lọ gbafẹ́ oṣù mẹ́ta ní Àìlàńdì. Ọkùnrin mùsíọ̀mù náà mú fọ́ọ̀mù wá sílé, ó ní kí n bá wọn kọ ọ́. Mo kọ ọ́ dáadáa, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè iye ère. Ìyá àgbà jókòó tì mí. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ nọ́ńbà.

"Mélòó lo kọ síbẹ̀?"

Mo kọ méjì síbẹ̀. "Méjì ni, Ìyá àgbà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Méjì ni wọ́n."

Mo ti pinnu pé màá ṣàlàyé fún ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń kìlọ̀ fún un pé kó rọra gbé ọmọ náà. Mo ní màá tún un ṣe lọ́fíìsì. Ọ̀lẹ ni mí, n kò tún un ṣe.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣí àfihàn náà. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá mi. Ìju ló wà ní ilé ọmọ wọn, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń dà lára wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Dókítà ti ní bí wọ́n bá tún sún un síwájú, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n gan-an, àwa la sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa lọ wo ère, kí ọkàn wọn lè fúyẹ́ díẹ̀. A wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àpápá, a sì dé mùsíọ̀mù kí ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ńlá tó bẹ̀rẹ̀.

Màmá mi ló kọ́kọ́ rí i. Ère wa dúró nínú gíláàsì, osùn ojú rẹ̀ ń dán. Ère mìíràn dúró tì í, gíga kan náà, wọ́n kọ ọ́ sára páálí nísàlẹ̀ pé ìbejì méjì láti ìdílé kan ní Ajégúnlẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ àṣà lè rò pé kò burú. Ṣùgbọ́n ère kan, ẹni tó lọ la gbẹ́ ẹ fún. Ère kejì kì í dúró tì í, àfi bí ìbejì rẹ̀ tó kù bá ti kú tẹ̀lé e.

"Màmá," màmá mi sọ fún Ìyá àgbà, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé ikùn. "Èmi rè é."

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé fọ́ọ̀mù tí mo kọ ló gbẹ́ ère náà.

"Mi ò lọ sí ọsibítù kankan mọ́," màmá mi wí. "Ẹ ò rí i pé ìkejì mi ti ń dúró dè mí?"

Mo sáré wá obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, èyí ló tún mú kí ọ̀rọ̀ náà le. "Ẹ má bínú, Mama," ó sọ fún Ìyá àgbà. "Fọ́ọ̀mù ní méjì, ọ̀kan la rí. A rò pé èkejì ti sọnù lọ́wọ́ wa ni, a wá mú ọ̀kan nínú stọ́ọ̀ wa kó má baà dá wà."

"Èmi ni mo kọ ọ́," mo ní. "Àṣìṣe ni."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ère, sister. Àwọn àlejò ti jókòó. Tí mo bá máa ṣí gíláàsì yìí báyìí, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ sọ fún mi pé mélòó ni, kó sì tẹ ìka síwèé."

Omi tán lẹ́yìn ẹja. Gbogbo wa ń wo Ìyá àgbà. Màmá mi di apá wọn mú, wọ́n ní, "Ẹ má sọ ọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Ìyá àgbà wo ère méjèèjì, wọ́n wo ikùn ọmọ wọn, obìnrin náà sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹyọ kan ni," Ìyá àgbà wí.

"Èkejì ńkọ́?"

"Èkejì ló dúró yìí, ó ń mí. Ẹni tó ni ère, ó ti kú. Ọwọ́ mi ló kú sí."

Wọ́n tẹ ìka síwèé. Òṣìṣẹ́ kan ṣí gíláàsì, ó gbé ère kejì jáde. Ìyá àgbà kò tiẹ̀ wò ó. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àlejò, wọ́n sì ké. A kì í jẹ́ kí ìyá ìbejì sunkún èyí tó lọ, kí èyí tó kù má baà bá a lọ. Ó lé ní ogójì ọdún tí ẹkún yẹn ti wà nínú wọn. Màmá mi jókòó tì wọ́n, àwọn náà ń sunkún. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo lè gbé ara mi sí.

Ní Mọ́ńdè, màmá mi fúnra wọn ló kọ́kọ́ wọ aṣọ ká lè máa lọ. Ní ọsibítù, nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń kọ ìwé wọlé gbọ́ pé ìbejì ni màmá mi, ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá àgbà pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Mo jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn dáhùn.

"Méjì," Ìyá àgbà wí. "Ọ̀kan ló kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."