Iye Tí Mo Pè fún Àbúrò Mi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó ń dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ òkèèrè, kó má bi òṣìṣẹ́ òkèèrè. Mo sọ èyí tẹ̀gàntẹ̀gàn, mo sì fi ara mi síwájú nínú àwọn tí mò ń gàn. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni mo wá ṣe ní Sáúdì. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí, iye kan ṣoṣo ni mo sì ń pè fún gbogbo ẹni tó bá bi mí. Irọ́ ni. N kò ní kọ iye náà síbí. Ẹnì kan lè tún mú un lọ fi ṣe ìṣirò.

Kí n tó kúrò nílé, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní ọsibítù kan ní Ọ̀wọ̀. Ilé òṣìṣẹ́ ìjọba ni ilé wa látilẹ̀: tíṣà ni màmá mi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, bàbá mi sì ṣiṣẹ́ ní káńsù kí wọ́n tó kú. Bó ti wù kí owó oṣù kéré tó, a mọ ọjọ́ tó ń wọlé, a sì mọ iye tí yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, owó oṣù mi kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó ọ̀kadà àti àpò ìrẹsì kan lọ mọ́, àwọn tá a jọ ń wọ yúnífọ́ọ̀mù sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wàá dé ẹnu iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á ní lágbájá ti lọ, wàá sì pín iṣẹ́ lágbájá mọ́ tìrẹ.

Mo ní èmi náà á lọ, ṣùgbọ́n n kò ní lọ bí òmùgọ̀. Ibi tí owó bá ti máa dúró sí mi lọ́wọ́ jù ni mò ń wá. Mo bi ènìyàn méjì. Ọ̀kan ni ọkùnrin kan tá a jọ kàwé, tó ti wà ní Ìlú Ọba. Ó ní wọ́n máa ń gé owó orí kí òun tó rí owó òun, ó ní ilé tí òun ń gbé ń jẹ ìdajì èyí tó kù. "Àmọ́ ọsibítù gan-an ló gbà mí," ó ní. "Bí mo bá ṣàìsàn, wọ́n á san owó mi." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa fóònù, mo sì sọ fún àbúrò mi pé ahun ni, kò fẹ́ ká wá bá òun níbẹ̀ ni. Ẹni tó yó kì í mọ̀ pé ebi ń pa ẹnìkejì. Àwa méjèèjì fi í rẹ́rìn-ín dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ẹnìkejì ni obìnrin ará Uso kan tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ́lẹ̀. Sáúdì ni tirẹ̀. Ó pe iye kan, mo ní kó tún un pè. Ó ní kò sí owó orí níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ilé, ọkọ̀ á gbé ọ lọ, á sì gbé ọ bọ̀. Ajẹ́ńtì kan ní Èkó ló mú òun lọ. Mo jókòó ti tábìlì màmá mi, mo kọ Ìlú Ọba sí apá kan ìwé, mo kọ Sáúdì sí apá kejì. Lápá Ìlú Ọba, mo yọ, mo yọ, títí ohun tó kù fi tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Lápá Sáúdì, n kò rí ohun tí mo lè yọ. Bó ṣe ti ẹnu obìnrin yẹn jáde ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣirò náà kò ní àṣìṣe kankan o. Orí irọ́ ni mo kàn gbé e lé.

Mo débẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe ọsibítù ló gbà mí síṣẹ́. Ajẹ́ńtì ló gbà mí. Ọsibítù ń sanwó fún ajẹ́ńtì, ajẹ́ńtì á jẹ tirẹ̀ tán, á wá ju èyí tó kù sí mi. Wọ́n yọ owó bàálù, wọ́n yọ owó ìdánwò, wọ́n yọ owó ibùsùn nínú yàrá tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́. Ọjọ́ tí wọn kò bá pè ọ́ síṣẹ́, ọjọ́ náà kò sí nínú oṣù. Iye tí ará Uso pè wà nínú ìwé àdéhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìsinmi, tí wọn kò sì yọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ló lè rí i gbà. N kò tíì pàdé ẹni náà.

Inú ilé kan náà ni wọ́n kó èmi àti ará Uso sí, yàrá rẹ̀ ni ìkẹta sí tèmi. Mo lọ bá a, mo bú u dáadáa. Aṣọ ló ń ká, kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo bú u tán, ó ní, "Ìwọ náà, tí wọ́n bá bi ọ́ látilé, kí lo máa sọ?"

Mo ní òótọ́ ni màá sọ.

Ó ní, "Jẹ́ kí ìkórè dé ná."

Ẹni tí kò bá mọ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa lè má mọ ohun tó ń sọ. Tí wọ́n bá ti pe àwọn ìjòyè ìjọ tán, tí wọ́n pe ẹgbẹ́ ìyá àti ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n á wá pe "àwọn ọmọ wa lókè òkun". Àwa kò sí níbẹ̀, nítorí náà àwọn ìyá wa ló ń jáde dípò wa. Alága ìkórè á pe orílẹ̀-èdè sínú máíìkì, ìyá ọmọ á jó lọ síwájú pẹ̀lú àpòòwé, gbogbo ìjọ á sì mọ ìyá tí ọmọ rẹ̀ rọ́wọ́ mú, ìjókòó rẹ̀ á sì máa sún síwájú. Ìyá tí kò bá jáde, wọ́n á bi í lọ́nà ilé pé ṣé kò sí o, ṣé ara ọmọ le. Ìbákẹ́dùn yẹn dunni ju èébú lọ.

Oṣù kẹta tí mo débẹ̀ ni ìkórè dé. Màmá mi, tí wọ́n ń pe Ọ̀wọ̀ ní Ọ̀ghọ̀ bíi ti àwọn àgbà ilé wa, pè mí. "Ọmọ Ọ̀ghọ̀ mi, èló gan-an ni wọ́n ń san fún ẹ? Kí n lè mọ ìjókòó tí màá jókòó sí." Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo pe iye tí ará Uso pè, n kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀. Mo fi owó oúnjẹ mi ránṣẹ́, mo sì ń jẹ ìrẹsì funfun pẹ̀lú ata gígún títí oṣù fi parí. Wọ́n fi fídíò ránṣẹ́ sí mi: màmá mi ń jó, gèlè wọn fẹ́ já bọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ kan dì í mú. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn gan-an, n kò ní purọ́ ìyẹn.

Ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn náà, àbúrò mi pè mí. Òun nìkan ni àbúrò tí mo ní. Nọ́ọ̀sì ni òun náà, ó wà nínú iṣẹ́ ìjọba tí mo fi sílẹ̀, ó sì ní sùúrù jù mí lọ. Lẹ́tà ti dé sí i láti Ìlú Ọba: ọsibítù fúnra rẹ̀ ló fẹ́ gbà á, wọ́n sì fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kó fi fèsì. Òun náà ti ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ó ní Sáúdì ló sàn jù, bí iye tí mo máa ń pè bá jẹ́ òótọ́.

"Sìsítà mi, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ti inú ìwé ni mò ń béèrè. Èyí tó ń dé ọwọ́ yín gan-an ni."

Ẹ rí i pé ó béèrè bó ṣe yẹ kéèyàn béèrè. Èmi kò béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ará Uso.

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn màmá mi, tí wọ́n ń kí mi, tí mo sì gbọ́ obìnrin méjì tó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ni, wọ́n gbé iṣu wá fún màmá mi láti Isuada. Àbúrò mi ti ṣí ohùn fóònù síta, gbogbo ilé ló ń gbọ́ mi. Mo pe iye náà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn pariwo, "Jésù o!" Màmá mi ní kí wọ́n má pariwo lé ọmọ òun lórí.

Mo sọ fún ara mi pé màá pe àbúrò mi padà nígbà tó bá ku òun nìkan. Lóòótọ́ ni mo pè é lọ́jọ́ kejì. Ó ti wà nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́, ó ń lọ ṣe àyẹ̀wò ara tí ajẹ́ńtì ní kó ṣe. Mo ní, "Gbọ́ ná, ọ̀rọ̀ Ìlú Ọba yẹn..." Ó ní òun ti kọ̀wé sí wọn láàárọ̀ pé òun kò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un, ọjọ́ kan péré ló lò, nítorí ó gbà mí gbọ́. Mo lè sọ fún un pé kó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, kó tún kọ lẹ́tà mìíràn kíákíá. Iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní kó mú súwẹ́tà dání, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ọsibítù wa le gan-an.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé nìkan ni mo wò, n kò wo ọmọ.

Ó dé pẹ̀lú gààrí àti ata gígún tí màmá mi di fún wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà, lójú àwọn ará Íńdíà àti Fílípíìnì tá a jọ ń gbé, wọ́n ń wò wá. Bó ṣe ń kí mi láti kékeré nìyẹn. Nígbà tí oṣù pé, tí wọ́n fún un ní ìwé owó oṣù rẹ̀, ó mú un wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó nà án sí mi. Kò pariwo.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Látìgbà tí mo ti dé."

"Kẹ́ ẹ tó sọ fún mi?"

"Kí n tó sọ fún ẹ."

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sínú àpò yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta ló sì tọwọ́ bọ̀ fún ajẹ́ńtì. Láti ọjọ́ náà, ìdúró ló fi ń kí mi. "Ẹ káàárọ̀, Sìsítà mi." Kò yọ "ẹ" kúrò níbẹ̀. Orúnkún rẹ̀ nìkan ni kò kanlẹ̀ mọ́. Àwọn tá a jọ ń gbé kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Èmi ń rí i láràárọ̀.

Nígbà ìkórè tó tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá mi jó jáde. Wọ́n pè wá lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní àwọn ti kúrò níjókòó àárín, wọ́n ti gbé àwọn síwájú. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lẹ̀yin méjèèjì máa wá ulé ná?" A jọ dáhùn pọ̀ pé lọ́dún tó ń bọ̀ ni.

Oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan pe àbúrò mi láti Ìfọ̀n. Nọ́ọ̀sì ni, abẹ́ àbúrò mi ló ti kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀. À ń jẹun lọ́wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, fóònù náà sì wà lórí tábìlì láàárín wa. Ọmọ náà béèrè bí àbúrò mi ṣe béèrè gẹ́lẹ́: kì í ṣe ti inú ìwé, èyí tó ń dé ọwọ́. Àbúrò mi wò mí. Mo fi orí ṣe àmì fún un pé kó sọ òótọ́. Ó pe iye náà, kò yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti fóònù sọ́dọ̀ mi.

"Sìsítà mi rèé. Bi wọ́n."

Mo gbé fóònù náà. Mo sọ fún ọmọ Ìfọ̀n pé irọ́ ni. Mo ka gbogbo owó tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ wa fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ iye tó dé ọwọ́ mi lóṣù náà, mo sì sọ pé bí ọsibítù kan bá wà níbikíbi tó fẹ́ gbà á fúnra rẹ̀, kó lọ síbẹ̀, kódà bí owó orí bá máa gé e. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, mà," bí èmi náà ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó wà ní Ìlú Ọba yẹn lọ́jọ́sí. Mo mọ ohun tó máa sọ fún ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó bá ti pa fóònù: ahun ni, kò fẹ́ ká wá bá òun níbẹ̀ ni.

Àbúrò mi gba fóònù rẹ̀. Ó bu ìrẹsì sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì kó tó sọ̀rọ̀.

"Àṣé ẹ mọ̀ ọ́n sọ," ó ní.